Ìyá Kan Ló Bí Wọn: Ìtàn Ọ̀rá Tó Ń Pa Ọ̀nà Èémí Dé àti Èyí Tó Ń Ṣí I

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tí mo ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, orí ń fọ́ àbúrò màmá mi, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí. Wọ́n ní kí n lọ bá wọn ra oògùn ẹ̀fọ́rí ní ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Mo sáré lọ, mo sáré bọ̀. Aspirin ni mo rà. Wọ́n fi omi gbé e mì, wọ́n sì lọ dùbúlẹ̀.

Kò pé wákàtí kan tí mo fi gbọ́ ohùn kan látinú yàrá wọn, bí ìgbà tí atẹ́gùn bá ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Àyà wọn ti há. Imú wọn ti dí, ojú wọn pọ́n, ọ̀rọ̀ kan kò lè jáde lẹ́nu wọn délẹ̀. Ásímà kì í ṣe àlejò nílé wa, ìyá àgbà ń pè é ní ikọ́ fée, ṣùgbọ́n a ò rí irú èyí rí. Ínhélà tí wọ́n máa ń fọ́n sẹ́nu kò ran nǹkan kan lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ọkọ̀ aládùúgbò la fi gbé wọn dé ọsíbítù.

Nígbà tí wọ́n lè sọ̀rọ̀, ìbéèrè kan ni dókítà bi wọ́n: "Mà, kí lẹ lò kó tó bẹ̀rẹ̀?" Wọ́n dáhùn. Dókítà mi orí, ó kọ nǹkan sínú fáìlì, ó ní, "Ẹ ò gbọ́dọ̀ lo aspirin mọ́ láyé yín." Kò sọ ìdí, a ò sì béèrè. Ṣùgbọ́n èmi tí mo lọ ra oògùn náà, ọ̀rọ̀ ọ̀hún kò kúrò lọ́kàn mi. Báwo ni oògùn orí fífọ́ ṣe máa pa ọ̀nà èémí ènìyàn dé?

Kọ̀ǹpútà ni mo kọ́ ní yunifásítì, kóòdù ni mo ń kọ jẹun. Èmi kì í ṣe dókítà o. Ohun tí iṣẹ́ mi kọ́ mi ni pé bí nǹkan bá bàjẹ́ tí a ò mọ ìdí, ká padà lọ wo ìtàn rẹ̀: ta ló kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án, kí ni wọ́n rò pé ó jẹ́, kí ló wá já sí. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ìtàn yìí nìyẹn. Ó gbà tó ọdún mẹ́rìnlélógójì kí ayé tó lè dáhùn ìbéèrè mi dáadáa, ìyẹn láti 1935 títí dé 1979.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ojú ibi tí ìjà ti ń ṣẹlẹ̀. Ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà nínú ẹ̀dọ̀fóró dà bí igi tí wọ́n dorí rẹ̀ kodò: ìtì kan, ẹ̀ka méjì, lẹ́yìn náà àwọn ẹ̀ka kéékèèké tí ènìyàn ò lè kà tán. Iṣan kan wé mọ́ àwọn ẹ̀ka yìí yí ká. Iṣan náà kì í gbọ́ àṣẹ wa. Ẹ lè sọ fún apá yín pé kó gbé garawa omi, ẹ ò lè sọ fún iṣan yìí pé kó dẹ̀. Tó bá sún kì, ọ̀nà á há. Tó bá dẹ̀, ọ̀nà á là. Àwọn tó ń pàṣẹ fún un ni àwọn ìránṣẹ́ tí ara ń ṣe fúnra rẹ̀, ọ̀rá sì ni púpọ̀ nínú wọn. Kì í ṣe ọ̀rá ikùn ni mò ń wí o. Ọ̀rá tín-ń-tín tó wà lára awọ gbogbo sẹ́ẹ̀lì wa ni. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ara á bu díẹ̀ níbẹ̀, á fi ṣe ìránṣẹ́, iṣẹ́ á lọ, ìránṣẹ́ náà á sì parẹ́ láìpẹ́.

Ìtàn náà kò bẹ̀rẹ̀ níbi ọ̀nà èémí rárá. Ní ọdún 1930, ní New York, Raphael Kurzrok àti Charles Lieb mú ẹ̀jà iṣan ilé ọmọ obìnrin, wọ́n kan àtọ̀ ọkùnrin sí i. Nígbà míì iṣan náà á sún kì. Nígbà míì á dẹ̀. Kò yé wọn. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ẹni méjì tí kò mọ̀ pé àwọn jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà, Maurice Goldblatt ní England àti Ulf von Euler ní Sweden, rí i pé ohun kan wà nínú omi àtọ̀ tó ń darí iṣan, tó sì ń mú kí ẹ̀jẹ̀ tó ń ru wálẹ̀. Von Euler rí i pé irú ọ̀rá kan ni. Ní 1935 ó sọ ọ́ ní prostaglandin, nítorí ó rò pé inú ẹṣẹ́ prostate ọkùnrin ló ti ń wá.

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Von Euler kò tíì wo ilé tán. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé àpò omi àtọ̀ ni púpọ̀ rẹ̀ ti ń wá, kì í ṣe prostate. Lẹ́yìn náà, wọ́n tún rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ibi tí kò sí nínú ara: inú kídìnrín, inú ikùn, inú ẹ̀dọ̀fóró, lára ọkùnrin àti obìnrin. Àṣìṣe ni orúkọ náà, ṣùgbọ́n ó ti mọ́ gbogbo ayé lẹ́nu. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ kóòdù mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ̀ ń bá variable kan pàdé nínú kóòdù àtijọ́, orúkọ rẹ̀ kò bá iṣẹ́ rẹ̀ mu mọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá láyà kó yí i padà.

Ọ̀rá kejì kò ní irú wàhálà yẹn. Tiẹ̀ ni pé ó pẹ́ kó tó ní orúkọ.

Wilhelm Feldberg jẹ́ Júù tó ń ṣe iṣẹ́ ìwádìí ní Berlin. Ní 1933, nígbà tí Hitler gba ìjọba, wọ́n lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ó sá lọ sí London, ibẹ̀ ló ti bá Henry Dale ṣiṣẹ́. Láti ibẹ̀ ó kọjá sí Melbourne ní Ọsirélíà, ó bá Charles Kellaway, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ dá lórí oró ejò. Àwọn méjèèjì mú ẹ̀dọ̀fóró guinea pig, ẹranko kékeré tó jọ eku, wọ́n fi omi gbé oró ejò kọ́bírà gba inú rẹ̀ kọjá. Wọ́n gbe omi tó jáde ní ìsàlẹ̀, wọ́n kán an sórí ẹ̀jà ìfun tí wọ́n fi okùn so.

Wọ́n ti mọ histamine nígbà yẹn. Histamine kì í fi nǹkan falẹ̀: á mú iṣan fà wàrà, á sì jẹ́ kó lọ. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí histamine ti ṣe tiẹ̀ tán, ìfun náà ṣì ń fà. Ó ń fà díẹ̀díẹ̀, ó ń pẹ́, kò sì tètè dẹ̀. Nǹkan mìíràn wà nínú omi náà. Ní 1938 wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀. Nítorí pé wọn ò mọ ohun tó jẹ́, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n fi pè é: SRS, lẹ́tà mẹ́ta tó dúró fún "nǹkan tó ń ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀". Kì í ṣe orúkọ. Bí ìgbà téèyàn bá ń sọ pé "ọ̀gbẹ́ni tó ń rìn jẹ́jẹ́ yẹn" ni.

Ní 1940, Kellaway àti Everton Trethewie fi hàn pé kò dìgbà tí oró ejò bá wọ̀ ọ́. Wọ́n mú ẹranko tí ara rẹ̀ ti kórìíra ohun kan, wọ́n fi ohun náà kan ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, SRS tún jáde. Ẹ rántí ẹni tí eruku bá kàn tí àyà rẹ̀ há. Ara fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é.

Ogun ọdún kọjá. Ní 1960, Walter Brocklehurst fi lẹ́tà A kún un, ó di SRS-A, kí wọ́n lè mọ̀ pé èyí tó ń jáde nígbà tí ara bá ń bínú sí ohun tí kò gbà ni wọ́n ń sọ. Ó fi hàn pé oògùn tó ń dènà histamine kò lè dá a dúró. Ìdí nìyẹn tí oògùn tí a ń lò fún imú tó ń ṣomi àti ara tó ń yún kì í fi bẹ́ẹ̀ ran ẹni tí àyà rẹ̀ há. Ẹni tí wọ́n ń dè mọ́lẹ̀ kọ́ ló ń ti ilẹ̀kùn.

Ṣùgbọ́n kí ni SRS-A gan-an? Kò sẹ́ni tó lè sọ. Èyí tí wọ́n lè rí kó jọ kéré jọjọ, kì í sì í pẹ́ bàjẹ́. Nǹkan tó ń yọ́ dànù lọ́wọ́ ẹni, báwo lèèyàn ṣe fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò?

Lákòókò kan náà, ìdílé prostaglandin ń tú àṣírí tirẹ̀. Von Euler ti fa díẹ̀ nínú ọ̀rá rẹ̀ lé Sune Bergström lọ́wọ́. Bergström fi ọdún púpọ̀ fọ̀ ọ́ mọ́, títí wọ́n fi mọ bí ó ṣe rí ní nǹkan bí 1962. Ó wá hàn pé kì í ṣe ẹyọ kan, ìdílé ni: E wà níbẹ̀, F wà níbẹ̀. Ní 1964, òun àti David van Dorp ní Netherlands, olúkúlùkù lọ́tọ̀, rí ìyá tó bí wọn: ọ̀rá kan tí wọ́n ń pè ní arachidonic acid, tó wà lára awọ sẹ́ẹ̀lì.

Ọdún yẹn náà ni olùwádìí kan tó ń jẹ́ Main tẹ ìwádìí kan jáde lórí iṣan ọ̀nà èémí ẹranko. Ó rí i pé prostaglandin E ń mú kó dẹ̀. Ní 1969, Cuthbert fọ́n irú E kan fún àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn, àwọn tí ara wọn le àti àwọn tó ní ásímà, ó sì ń wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe ń rọrùn gbà tó. Nínú àwọn kan tó ní ásímà, ọ̀nà là. Ṣùgbọ́n ó mú kí wọ́n máa húkọ́, ó tún ta wọ́n lọ́fun. F ní tirẹ̀ ń mú ọ̀nà há, ó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an fún ẹni tó ní ásímà ju ẹlòmíràn lọ. Ọmọ ìyá ni E àti F o. Ọ̀kan ń ṣí, èkejì ń tì. Ohun tí Kurzrok àti Lieb rí ní New York tí kò yé wọn nìyẹn.

Ibí ni aspirin ti wọlé. Ó ti wà lọ́jà láti 1899, láti Jámánì. Ní 1922, Fernand Widal ní Paris kọ̀wé nípa ẹnì kan tó ní ásímà, tí ẹran ń hù nínú imú rẹ̀, tí àyà rẹ̀ sì ń há bó bá lo aspirin. Ìwé náà sùn. Ní 1968, Max Samter àti Beers ní Chicago kó irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ jọ, wọ́n sì ṣàlàyé pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ara tó kórìíra aspirin lásán, nítorí àwọn oògùn ìrora mìíràn tí kò jọ aspirin rárá ń ṣe wọ́n bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kí ló pa gbogbo wọn pọ̀?

Ní 1971, John Vane ní London dáhùn. Aspirin àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń dá iṣẹ́ prostaglandin dúró nínú ara. Bí wọ́n ṣe ń pa ìrora nìyẹn. Ní 1975, Andrzej Szczeklik àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kraków, ní Poland, so okùn náà pọ̀: oògùn ìrora tó bá lágbára láti dá prostaglandin dúró ni ó ń mú kí àyà irú àwọn ènìyàn yìí há. Èyí tí kò lágbára bẹ́ẹ̀ kì í ṣe wọ́n ní nǹkan.

Nígbà tí mo ka ibẹ̀, mo dìde lórí àga. Oògùn tí mo rà fún Àǹtí ti dá ọmọ ìyá tó ń ṣí ilẹ̀kùn dúró. Ṣùgbọ́n ta ló wá ti ilẹ̀kùn?

Ní Stockholm, Bengt Samuelsson, ẹni tí Bergström kọ́ níṣẹ́, ń wo ohun tí sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ ń fi arachidonic acid ṣe. Ó rí ìdílé tuntun kan tí kì í ṣe prostaglandin. Ní 1979, ó sọ ọ́ ní leukotriene: apá àkọ́kọ́ wá láti ara orúkọ àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun, apá kejì láti ara ìsopọ̀ mẹ́ta tó tẹ̀ léra nínú rẹ̀. Ní ọdún náà, òun àti Robert Murphy àti Sven Hammarström fi hàn pé ara ìdílé yìí ni "nǹkan tó ń ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀" ti wá. Ní 1980, ní London, Priscilla Piper àti Howard Morris pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi ẹ̀dọ̀fóró guinea pig fìdí rẹ̀ múlẹ̀, ìyẹn irú ẹ̀dọ̀fóró tí Feldberg àti Kellaway fi bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà, ní Sweden, wọ́n kan leukotriene sí ọ̀nà èémí ènìyàn: agbára rẹ̀ láti mú un há tó ìlọ́po ẹgbẹ̀rún ti histamine.

Ọdún mọ́kànlélógójì ni wọ́n fi ń pe nǹkan yìí ní lẹ́tà mẹ́ta. Wọ́n wo ilé rẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ, orúkọ náà sì rò ó. Ní 1982, Bergström, Samuelsson àti Vane jọ gba ẹ̀bùn Nobel.

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀gẹ́ ṣàlàyé bó ṣe rí. Ẹ̀gẹ́ kan náà ló ń di gààrí, òun náà ló ń di láfún. Ibi tí wọ́n gbé e gbà ló yàtọ̀. Arachidonic acid ni ẹ̀gẹ́. Tó bá gba ibi iṣẹ́ kan, á di prostaglandin. Tó bá gba ibi kejì, á di leukotriene. Aspirin ti ilẹ̀kùn ibi iṣẹ́ àkọ́kọ́ pa. Àwọn kan kọ́kọ́ rò pé gbogbo ẹ̀gẹ́ ló kàn ń ya lọ sí ibi kejì. Ohun tí ìwádìí wá fi hàn jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ: prostaglandin E2 fúnra rẹ̀ ni bíréèkì tó ń mú leukotriene dúró. Nínú àwọn kan tó ní ásímà, bíréèkì yẹn nìkan ló kù tó ń di ọkọ̀ mú. Bí aspirin bá yọ ọ́, leukotriene á ya dànù, iṣan á sún kì, imú á dí. Ní 1996, Sestini àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn pé wọ́n kọ́kọ́ fọ́n E2 fún irú àwọn ènìyàn yìí, lẹ́yìn náà wọ́n fún wọn ní aspirin. Àyà wọn kò há bíi tàtẹ̀yìnwá.

Ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ sọ́fútíwià rí mọ irú nǹkan báyìí. O rí kóòdù kan tó dà bíi pé kò wúlò, o pa á rẹ́, gbogbo nǹkan dára. Ní òru, ètò mìíràn tó o ò tilẹ̀ mọ̀ pé ó fara tì í wó lulẹ̀. Oògùn náà kò burú. Ó ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rán an fún orí Àǹtí. Ohun tó fara ti ibi tó fọwọ́ kàn ni a ò mọ̀.

Orúkọ tó tọ́ mú oògùn wá. Ní 1996, zileuton àti zafirlukast gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà. Ọ̀kan ń dí ibi iṣẹ́ leukotriene, èkejì ń dí ihò kọ́kọ́rọ́ tí leukotriene ń gbà wọ iṣan. Montelukast tẹ̀ lé wọn ní 1998. Oògùn tí à ń lò lójoojúmọ́ ni wọ́n, wọn kì í ṣe ohun tí à ń sáré mú nígbà tí àyà bá há. Wọn kì í sì í ṣe ohun tí a kàn lè dá rà: ní 2020, ìjọba Amẹ́ríkà pàṣẹ kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ tó lágbára jù sára montelukast, nítorí ó lè da ọkàn àwọn kan láàmú.

Ìhà ti ọ̀rá tó ń ṣí kò tíì yọrí. E2 ń mú iṣan dẹ̀, ṣùgbọ́n ikọ́ tí Cuthbert rí kò jẹ́ kó di oògùn. Ní 2011, àwọn olùwádìí ní Imperial College London ṣàlàyé ibi tí nǹkan dé: kọ́kọ́rọ́ kan náà ni E2, àmọ́ ju àgádágodo kan lọ ló ń ṣí. Èyí tí wọ́n ń pè ní EP4 ló ń mú iṣan ọ̀nà èémí ènìyàn dẹ̀. EP3 ló ń fa ikọ́. Bí ẹnì kan bá lè gbẹ́ kọ́kọ́rọ́ tó máa ṣí EP4 nìkan, a jẹ́ pé ọ̀nà tuntun là. Títí di ìsinsìnyí, kò tíì dé ọ̀dọ̀ oníkẹ́míìsì.

Mo sọ gbogbo ìtàn yìí fún Àǹtí ní ọdún tó kọjá, nígbà tí mo lọ kí wọn. Wọ́n gbọ́ ọ dópin, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé pé ohun tó ń gbà mí sílẹ̀ nínú ara mi ni mo fi owó ara mi ra oògùn pa?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ṣí pọ́ọ̀sì wọn, wọ́n yọ ìwé kékeré kan tí wọ́n ti ká títí tó fi fẹ́ ya. Orúkọ aspirin wà níbẹ̀, ibuprofen wà níbẹ̀, diclofenac wà níbẹ̀. Gbogbo wọn ń ti ilẹ̀kùn ibi iṣẹ́ kan náà. Dókítà mìíràn ló kọ ọ́ fún wọn lẹ́yìn ọdún púpọ̀.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní ásímà ló rí báyìí. Nǹkan bí méje nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà tó ní in ni. Ṣùgbọ́n ta ló mọ̀ bóyá òun wà nínú méje yẹn, kó tó di òru ọjọ́ kan?

Ní tèmi, bí wọ́n bá rán mi ní oògùn ẹ̀fọ́rí lónìí, ìbáà jẹ́ ní ibi iṣẹ́, mo máa ń kọ́kọ́ béèrè: "Ṣé àyà yín kì í há? Ṣé imú yín kì í dí?" Àwọn kan máa ń wò mí bí ẹni tó ń ṣe àṣejù. N kò bínú sí wọn.